Àkọ̀, wáyà àti kátítà: ohun tí àwọn aláìsàn máa ń bi mí kí wọ́n tó gbé wọn wọlé

Èmi ni mo máa ń dúró ti aláìsàn tí wọ́n fẹ́ gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tọ́jú, lẹ́yìn tí dókítà bá ti ṣàlàyé tán tó sì ti jáde. Wọ́n á ti mi orí fún dókítà pé àwọn gbọ́. Ilẹ̀kùn ò ní tíì padé dáadáa tí wọ́n á fi yíjú sí mi: “Nọ́ọ̀sì, kí ni wọ́n fẹ́ kì bọ̀ mí lára gan-an?” Bí mo ṣe ń dá wọn lóhùn ni mo kọ síbí. Mo fi ìbéèrè àwọn ọmọ wọn tó wà lókè òkun kún un, torí àwọn yẹn ò jẹ́ kí WhatsApp mi sinmi.

Ṣé lóòótọ́ ni pé wọn ò ní la àyà mi?

Lóòótọ́ ni. Ihò kan ṣoṣo ni wọ́n máa lu, ní ọrùn ọwọ́ tàbí ní gbòǹgbò itan, kò sì fẹ̀ tó ìdajì èékánná ọmọńdinrín yín. Láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ dé ibi tí wọ́n ń lọ, ì báà jẹ́ ọkàn, ọpọlọ, kíndìnrín tàbí ẹsẹ̀. Wọn ò la ọ̀nà tuntun kankan. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ yín ti ń rìn láti inú oyún náà ni wọ́n ń tọ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ò tiẹ̀ ní sùn. Abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀ kú ni wọ́n máa gún yín, ẹ ó sì máa gbọ́ gbogbo ohun tí a bá ń sọ. (Ẹ má bínú tí a bá ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù.)

Wọ́n ń pe wáyà, wọ́n ń pe kátítà, wọ́n tún ń pe sheath. Èwo ni èwo?

Sheath yẹn ni mo máa ń pè ní àkọ̀, nítorí àkọ̀ idà gan-an ni òyìnbó fi sọ ọ́ lórúkọ. Iṣẹ́ wọn ló yàtọ̀ díẹ̀. Àkọ̀ idà ń gba èèyàn lọ́wọ́ idà. Àkọ̀ tiwa ń gba iṣan lọ́wọ́ gbogbo ohun tó máa wọlé tó máa jáde. Kátítà lè wọlé kó jáde lẹ́ẹ̀mẹwàá, ẹnu iṣan ò ní mọ̀.

Bó ṣe ń lọ rèé. Dókítà á fi abẹ́rẹ́ oníhò wá iṣan. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ti yọjú, á ti wáyà tín-ín-rín gba inú abẹ́rẹ́ wọlé, á fa abẹ́rẹ́ yọ, á ku wáyà. Á wá ki àkọ̀ sórí wáyà bí ẹni ń sín ìlẹ̀kẹ̀, á máa tì í títí á fi wọ inú iṣan. Àkọ̀ kì í dá wọlé. Ike ṣóńṣó kan wà nínú rẹ̀ tó ń fẹ ojú ihò díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n á fà yọ nígbà tí àkọ̀ bá ti jókòó. Ohun tí ẹ máa rí níta kò ju orí àkọ̀ lọ, àti rọ́bà kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí a ń gbà fún oògùn. Inú orí yẹn ni fáàfù wà: rọ́bà sílíkónì tí wọ́n là lójú, tó máa ń pa ẹnu mọ́ ohunkóhun tó bá gba àárín rẹ̀ kọjá kí ẹ̀jẹ̀ má baà tú síta. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ọkàn bọ̀ kì í rọra ṣàn, ṣe ló ń tú bí páìpù omi tó bẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí fáàfù tó bàjẹ́ ni mo tó mọ iyì èyí tó dáa.

Kátítà ni páìpù gígùn tó ń gba inú àkọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Èyí tó ń lọ sí ọkàn máa ń gùn tó 100 sẹ̀ǹtímítà.

Ṣé òun náà ni rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ìtọ̀?

Ẹbí ni wọ́n, iṣẹ́ ló yàtọ̀. Kódà, rọ́bà ìtọ̀ ni ẹni tó kọ́kọ́ dé inú ọkàn ara rẹ̀ lò.

Ta ni ẹni yẹn? Ta ló sì ní kó dán an wò?

Kò sẹ́ni tó ní kó dán an wò. Ọ̀gá rẹ̀ tiẹ̀ ti kọ̀ fún un. Ní 1929, ní ìlú Eberswalde ní Jámánì, ọ̀dọ́ dókítà kan tó ń jẹ́ Werner Forssmann gbà pé èèyàn lè gba inú iṣan dé ọkàn láìkú. Nọ́ọ̀sì Gerda Ditzen, tí kọ́kọ́rọ́ yàrá irinṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ní kó wá ṣe é lára òun. Forssmann dè é mọ́ tábìlì, ó ṣe bí ẹni fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àmọ́ apá ara rẹ̀ ló là. Ó ti kátítà ìtọ̀ gba iṣan ìgbúnwọ́ rẹ̀, 65 sẹ̀ǹtímítà, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí yàrá X-ray kí wọ́n lè ya fọ́tò ibi tó dé. Ọkàn ló dé. Ní 1956, òun, André Cournand àti Dickinson Richards jọ gba ẹ̀bùn Nobel. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, Gerda tó dùbúlẹ̀ lórí tábìlì yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ìṣòro kan ṣì wà. Láyé ìgbà yẹn, tí wọ́n bá fẹ́ kì kátítà sínú iṣan láìlo ọ̀bẹ, inú abẹ́rẹ́ ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Abẹ́rẹ́ ní láti tóbi ju kátítà, ihò á wá tóbi ju ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì máa gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Sven-Ivar Seldinger ará Sweden ló tú u ní 1953: wáyà ni kó gba inú abẹ́rẹ́, kí kátítà wá gun orí wáyà. Ẹ wò ó bó ṣe rọrùn tó. Bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ lókè yẹn náà ni a ṣì ń ṣe é lónìí. Àkọ̀ fúnra rẹ̀ dé ní 1965, nígbà tí Desilets àti Hoffman ní Amẹ́ríkà fi páìpù kúkúrú kan sílẹ̀ sẹ́nu iṣan kí wọ́n lè máa pààrọ̀ kátítà láìtún ibẹ̀ lù.

Nínú gbogbo wọn, Charles Dotter ni mo fẹ́ràn jù. Ní ọjọ́ 16 oṣù January 1964, ní Portland ní Amẹ́ríkà, wọ́n gbé ìyá ẹni ọdún 82 kan wá fún un tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń jẹrà. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní àfi kí wọ́n gé e, ìyá náà ní kò sóhun tó jọ ọ́. Dotter ki wáyà gba ibi tó dí, ó ti páìpù ṣóńṣó lé e, ó tún ti èyí tó nípọn jù ú lọ lé ìyẹn. Ọ̀nà là, ẹsẹ̀ jiná, ìyá sì fi ẹsẹ̀ náà rìn títí ó fi kú lẹ́yìn ọdún méjì ó lé. Kò sí ọjà tí Dotter ti lè ra irú páìpù tó ń wá. Ní ìpàdé àwọn oníṣègùn X-ray kan ní Chicago ní 1963, ó yá iná tí wọ́n fi ń jó ike lọ́wọ́ Bill Cook, ẹni tó ń ṣe wáyà àti kátítà tà, ó jókòó sí yàrá òtẹ́ẹ̀lì, ó ń fi iná na páìpù Teflon mọ́jú. Bẹ́ẹ̀ náà ni Andreas Grüntzig, tó kọ́kọ́ fi bàlúùnù la iṣan ọkàn èèyàn tó lajú sílẹ̀, ní Zurich, ọjọ́ 16 oṣù September 1977. Orí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀ ló ti ń lẹ àwọn bàlúùnù náà.

Mo rí 6F lára ọ̀rá rẹ̀. Kí ló túmọ̀ sí?

Ìwọ̀n Faransé ni, láti ọ̀dọ̀ Charrière, ọ̀gá kan tó ń rọ irinṣẹ́ ìṣègùn ní Paris láyé àtijọ́. Ẹ fi 3 pín nọ́ńbà náà, ìdáhùn rẹ̀ ni mìlímítà. 6F jẹ́ mìlímítà 2.

Ibì kan wà tó máa ń dà á rú mọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Nọ́ńbà kátítà, ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn òde rẹ̀, ni wọ́n wọ̀n. Nọ́ńbà àkọ̀, inú rẹ̀ ni, ìyẹn kátítà tó lè gbà. Páálí tó bá gba bàtà nọ́ńbà 42 ò lè kéré tó bàtà náà. Nítorí náà, àkọ̀ 6F ti ìgbà kan tó nǹkan bíi mìlímítà 2.6 lẹ́yìn. Ohun tó wà láàárín 2 àti 2.6 yẹn, ògiri àkọ̀ pẹ̀lú àyè díẹ̀, ni gbogbo ilé iṣẹ́ tó ń ṣe nǹkan wọ̀nyí ń jà lé lórí.

Páìpù ike lásán ni kẹ̀! Kí ló tún wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tún ṣe?

Mẹkáníìkì kan ló bi mí báyìí, ó sì ń wò mí bí ẹni tó fẹ́ lu òun ní jìbìtì. Mo bi í pé kí ló wà nínú táyà. Ó ní wáyà. Mo ní họ́ọ̀sì bíréèkì ńkọ́? Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ẹ̀hẹ́n.”

Ògiri kátítà tó dáa máa ń ní ìpele mẹ́ta. Ti inú ni Teflon, ohun tí wọ́n fi ń ra ìdí páànù kí ẹyin má baà lẹ̀ mọ́ ọn, kí ohun tó ń gba inú rẹ̀ lè máa yọ̀ lọ. Ti àárín ni wáyà irin tín-ín-rín tí wọ́n hun bí ẹní. Ti òde ni ike, kì í sì í ṣe irú kan náà láti ìdí dé orí: ó le nídìí, ó ń rọ̀ bó ṣe ń lọ, orí rẹ̀ gan-an á rọ̀ bí etí ọmọdé, kò sì sí irin níbẹ̀ kó má baà dá ọgbẹ́ sí iṣan. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ le tó kí ẹni tó dúró nídìí lè tì í gba 100 sẹ̀ǹtímítà kọjá. Ó gbọ́dọ̀ rọ̀ tó kó lè tẹ̀ lé kọ́nà. Tí dókítà bá sì fi ìka méjì yí ìdí rẹ̀ díẹ̀, orí rẹ̀ tó wà nínú àyà gbọ́dọ̀ yí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Iṣẹ́ wáyà híhun yẹn nìyẹn. Páìpù tí kò ní in á kàn lọ́ pọ̀ nídìí ni, orí á dúró síbi tó wà, tó bá sì yá á fò yí lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyẹn ló léwu jù.

Àkọ̀ ní tirẹ̀ kò nílò kó máa yí. Ẹ̀rù tirẹ̀ ni kó má kán, bíi rọ́bà omi tí ọmọdé tẹ̀ mọ́lẹ̀. Àkọ̀ gígùn máa ń ní wáyà tí wọ́n wé bíi sípíríìnì nínú ògiri rẹ̀. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ ká, ojú ihò rẹ̀ á ṣì là. Wọ́n á tún fi òrùka irin platinum bíńtín sí orí rẹ̀, kí ó lè hàn dúdú nínú X-ray.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ Terumo ará Japan sì ṣe àkọ̀ ẹlẹ́gẹ́ rẹ̀, ó fá ògiri náà láti nǹkan bíi mìlímítà 0.2 wá sí nǹkan bíi 0.12. Inú rẹ̀ ṣì gba kátítà 6F, ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kéré tó ti 5F àtijọ́. Ohun tí wọ́n yọ ò ju fọ́nrán irun lọ. Fún obìnrin tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kéré, fọ́nrán irun yẹn ló ń pinnu bóyá ọwọ́ ni a máa gbà tàbí itan.

Kí ló dé tí ẹ máa ń fi omi pa á kí ẹ tó lò ó?

Ìpara kan wà lára rẹ̀ tó ń mu omi. Tó bá gbẹ, kò yàtọ̀ sí ike mìíràn. Tó bá ti mu omi iyọ̀, á yọ̀ bí ẹja àrọ̀ tí kò fẹ́ kí wọ́n mú òun. Wáyà tó ní ìpara yìí ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ rí, ó dé ilẹ̀ kí n tó mọ̀, a ní láti tú òmíràn. Ó ní àléébù tirẹ̀ náà. Ní 2015, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti irinṣẹ́ ìṣègùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé ìpara náà lè bó sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà mìíràn, pàápàá tí wọ́n bá ń wọ́ wáyà kọjá lẹ́nu abẹ́rẹ́ irin, tàbí tí wọ́n bá fi nǹkan gbígbẹ nù ún. Aṣọ tútù ni kí ẹ máa rí lọ́wọ́ wa.

Ọwọ́ tàbí itan, èwo ló dáa jù?

Ọwọ́, tó bá ṣeé ṣe. Iṣan ọrùn ọwọ́ súnmọ́ awọ ara, eegun sì wà lábẹ́ rẹ̀, ìka kan tó láti tẹ̀ ẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dúró. Iṣan kejì tún wà tó ń bọ́ ọwọ́ tí ti àkọ́kọ́ bá dí. Ti itan tóbi, ó jìn. Ẹ̀jẹ̀ lè máa ya sínú ikùn kí ẹnikẹ́ni tó fura. Lucien Campeau ní Montreal ló kọ̀wé nípa ọ̀nà ọrùn ọwọ́ fún iṣan ọkàn ní 1989. Láìpẹ́ sí i, Ferdinand Kiemeneij ní Amsterdam gba ibẹ̀ fi stent, àwọ̀n irin kékeré tó ń jẹ́ kí iṣan là sílẹ̀, sí i. Nígbà tí wọ́n gbé ìwádìí MATRIX jáde ní 2015, tí aláìsàn tó lé ní 8,000 kópa nínú rẹ̀, àwọn tí wọ́n gba ọwọ́ wọn ṣẹ̀jẹ̀ kéré, wọ́n sì kú kéré.

Àmọ́ iṣan ọwọ́ ní ìwà tirẹ̀. Mìlímítà 2 sí 3 ni fífẹ̀ rẹ̀, inú rẹ̀ kì í dùn sí àlejò. Tí wọ́n bá fi ìkánjú wọ̀ ọ́, á sún kì, á di kátítà mú, yóò sì máa dun aláìsàn. Ìdí nìyẹn tí ògiri fẹ́lẹ́ àti ìpara tó ń yọ̀ fi ṣe pàtàkì níbẹ̀ ju ibi kíbi lọ.

Màmá kan bi mí bóyá òun lè fi ọwọ́ náà ro àmàlà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Rárá o, màmá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rò ó fún yín.

Àkọ̀ tó ń fẹ̀ ńkọ́? Ọmọ mi kà nípa rẹ̀.

Ti fáàfù ọkàn nìyẹn, ìyẹn ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá nínú ọkàn, pàápàá fún àwọn àgbàlagbà tí fáàfù ọkàn wọn ti gan. Alain Cribier ló kọ́kọ́ gba inú iṣan fi fáàfù tuntun sí ọkàn èèyàn, ní Rouen ní Faransé, ní oṣù April 2002. Fáàfù tí wọ́n ká mọ́ra ṣì nípọn. Àkọ̀ tí wọ́n ń lò láyé ìgbà yẹn tó 24F, mìlímítà 8, ẹ wo ìka ọwọ́ yín. Iṣan àgbàlagbà lè fàya.

Wọ́n wá ṣe èyí tí ògiri rẹ̀ ká lé ara rẹ̀ bíi gèlè tí wọ́n ṣẹ́ po. 14F ló fi ń wọlé. Bí fáàfù ṣe ń kọjá nínú rẹ̀ ni ibẹ̀ ń ṣí, tó bá sì ti kọjá, á tún sún kì. Ẹ ti rí òjòlá tó gbé ewúrẹ́ mì rí? Bí ẹ ṣe ń wo wíwú yẹn tó ń rìn lọ lára rẹ̀ nìyẹn. Èmi ò rí ọgbọ́n tó wù mí tó èyí nínú iṣẹ́ wa.

Wọ́n ní àkọ̀ kan wà tí wọ́n ń fà ya?

Bẹ́ẹ̀ ni. Wáyà pacemaker, ẹ̀rọ kékeré tó ń mú kí ọkàn lù déédéé, ní orí tó tóbi nídìí, ẹ ò lè fa àkọ̀ gba orí yẹn kọjá. Wọ́n wá la ojú ìlà méjì sí ara àkọ̀, dókítà á di etí rẹ̀ méjèèjì mú, á sì bó o bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wáyà á wà níbi tó wà. Irú rẹ̀ náà ni wọ́n fi ń gbé kátítà ọrùn wọlé fún àwọn tí wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún.

Níwọ̀n ìgbà tí mo ti dárúkọ kátítà ọrùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí. Ẹnu méjì ló ní, pupa àti búlúù, fún fífọ ẹ̀jẹ̀ nìkan. Bọ̀rọ̀kìnní kan wà tí wọ́n tọ́jú ní ilé-ìwòsàn kan tí n kò ní dárúkọ, wọ́n rí i pé iṣan apá rẹ̀ ṣòro láti rí, ni wọ́n bá so dúrípù mọ́ kátítà ọrùn rẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ibà ńlá dé, kòkòrò ti wọnú ẹ̀jẹ̀. A yọ kátítà náà dànù. Tí ẹ bá ní irú rẹ̀ lọ́rùn, ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ti ẹ̀ka kíndìnrín tó bá fọwọ́ kàn án, ẹ pariwo.

Ṣé àwọn kátítà kan wà tó ń tẹ orí fúnra wọn?

Wọ́n wà. Okùn irin wà nínú ògiri wọn, dókítà á yí bọ́tìnnì nídìí, orí á tẹ̀ sápá kan. Wọ́n ń lò ó fún àwọn tí ọkàn wọn ń lù gbàdàgbàdà. Fún rọpárọsẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀, rírọ̀ ló ṣe kókó: kátítà tó rọ̀ tó láti gba kọ́rọ̀ iṣan ọpọlọ, tí inú rẹ̀ sì fẹ̀ tó láti fa ẹ̀jẹ̀ dídì jáde.

Tí wọ́n bá yọ àkọ̀, kí ló ń dí ihò náà?

Ní ọwọ́, ìgbànú ike kan tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí. A kì í fún un pa, ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ máa kọjá lábẹ́ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ iṣan lè dí títí láé. Ní itan, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún lórí ìdúró, ẹ̀yìn mi ló ń san án. Tàbí kí wọ́n fi òwú rán an láti inú, tàbí kí wọ́n fi ohun ìdí tó ń yòrò sí i.

Ó wọ́n gan-an. Ṣé wọn ò lè fọ ti ẹlòmíràn fún mi?

Ẹ wo ara ọ̀rá rẹ̀, ẹ óò rí nọ́ńbà 2 tí wọ́n fagi lé. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń lò ó. Ihò tó fẹ̀ ní mìlímítà 1 ó lé díẹ̀, tó sì gùn ní 100 sẹ̀ǹtímítà, kò sí búrọ́ọ̀ṣì tó lè fọ ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ tán. Ìpara rẹ̀ á ti lọ, fáàfù á ti rẹ̀. Mo mọ̀ pé òkè òkun ni gbogbo rẹ̀ ti ń wá àti pé dọ́là ni wọ́n fi ń rà á. Bó ti wù kó rí, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú ọ̀rá náà níṣojú yín.

Ṣé mo lè rí i kí wọ́n tó kì í bọ̀ mí lára?

Mo ní ọ̀kan nínú dúrọ́ọ̀ mi tí ọjọ́ ìlò rẹ̀ ti kọjá. Mo máa ń da omi lé wáyà rẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ máa ń rẹ́rìn-ín. Bàbá kan tó ti wa tírélà láyé rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ mi, ó fi ìka di rọ́bà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ki orí tó ń wọnú iṣan sẹ́nu, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sí ìdí fáàfù bóyá nǹkan kan á jáde. Nǹkan kan ò jáde. Ó dá a padà fún mi, ó ní, “Fáàfù yìí dáa. Ẹ pè wọ́n wá.”